Òòyà Ọjọ́ Sátidé

Ẹ wá wo sùúrù. Lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì kan l'Ókokomáíkò, ìyá kan jókòó sórí àpótí, ọmọbìnrin tó ń kiri píọ̀ wọ́tà ní Ìyànà-Ìbà wà láàárín itan rẹ̀. Irun ti ta kókó. Ìyá fi àdí pa á, ó ń tú u láti ṣóńṣó wá sí ìdí kó má baà dùn ún. Kò gba kọ́bọ̀, kò sì wàásù (ìyẹn gan-an ló wù mí). Ó bèèrè oríkì rẹ̀. Ọmọ ò mọ̀ ọ́n.

"Àbẹ̀kẹ́ lo máa jẹ́ fún mi."

Iṣẹ́ títọ́jú ọmọ ọlọ́mọ yìí ti pẹ́. Lẹ́yìn tí Anna Hinderer, míṣọ́nnárì ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, dé Ìbàdàn ní 1853, ilé rẹ̀ ní Kúdẹtì kún fún ọmọ. "Ìyá" ni wọ́n ń pè é.

Lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì lọ́hùn-ún, ìyá di irun náà ní ṣùkú tán. Ọmọ wo dígí, ó tún un wò. "Mà, ẹ tún pe orúkọ yẹn."