Ère Òkúta Èsìẹ́ àti Àkọsílẹ̀ Tí Ó Yẹ Wọ́n

Iṣẹ́ lámèyítọ́ kò mọ sórí ewì, ìtàn àròsọ àti eré oníṣe nìkan. Àkọsílẹ̀ kúkúrú tí ó máa ń wà lára ohun ìṣẹ̀ǹbáyé pẹ̀lú jẹ́ ìwé tí ẹnìkan kọ. Ó sọ ohun kan, ó sì fi òmíràn sílẹ̀ láìsọ. Irú àkọsílẹ̀ bẹ́ẹ̀, tí àwọn onímọ̀ kọ̀ǹpútà ń pè ní metadata, tí àwa yóò pè ní àkọsílẹ̀ atọ́ka, ni a fẹ́ yẹ̀ wò níhìn-ín. Ère òkúta Èsìẹ́ ní ilẹ̀ Ìgbómìnà ni a ó fi ṣe àpẹẹrẹ.

Àwọn ère náà ju 800 lọ. Òkúta rírọ̀ tí ọ̀bẹ lè gbẹ́ ni a fi ṣe wọ́n. Ọ̀pọ̀ nínú wọn jókòó lórí àpótí, àwọn mìíràn mú ohun ìjà tàbí ohun èlò orin lọ́wọ́. Ìtàn àtẹnudẹ́nu ìlú sọ pé àlejò tí ó di òkúta ni wọ́n, àti pé ọdẹ ni ó kọ́kọ́ bá wọn nínú igbó. Ní 1933 ni H. G. Ramshaw, tí ó ń bẹ ilé-ẹ̀kọ́ wò fún ìjọ C.M.S., mú ìròyìn wọn dé etí àwọn ará ìta. J. D. Clarke, tí ó jẹ́ olùkọ́ ní Òmù-Àrán, kọ̀wé lórí wọn ní 1938. Ní 1945 ni a dá ilé ìkóhun-ìṣẹ̀ǹbáyé-sí sílẹ̀ níbẹ̀, èkíní irú rẹ̀ ní Nàìjíríà. Ní 1978 ni ìwé Phillips Stevens, The Stone Images of Esie, Nigeria, jáde láti ilé ìtẹ̀wé Yunifásítì Ìbàdàn.

Ìwé yìí ṣe iṣẹ́ àkọsílẹ̀ atọ́ka kí kọ̀ǹpútà tó wọ́pọ̀ lọ́dọ̀ wa: ó to àwọn ère lẹ́sẹẹsẹ, ó fi fọ́tò wọn hàn, ó sì ṣe àpèjúwe wọn. Ìwúlò rẹ̀ kò kéré. Ọ̀pọ̀ ère ni orí rẹ̀ ti kán kúrò lọ́rùn, orí méjì sì lè jọ ara wọn bí ìbejì. Bí olè bá gbé ọ̀kan tà sí òkè òkun, ariwo pé tiwa ni kò tó. Ẹ̀rí ni adájọ́ yóò béèrè. Èyí ni ó bí Object ID, ìlànà tí a gbé jáde fún gbogbo ayé ní 1997. Ó ń béèrè fọ́tò, irú ohun tí í ṣe, ohun tí a fi ṣe é, ìwọ̀n rẹ̀, àti àmì tí a fi lè dá a mọ̀ láàrin ẹgbẹ́ rẹ̀, bí àpá tàbí ibi tí ó ti kán.

Kọ̀ǹpútà mú kí ọ̀rọ̀ náà le sí i. Ó rọrùn láti ya ọgọ́rọ̀ọ̀rún fọ́tò ní ọ̀sán kan, ṣùgbọ́n nọ́ńbà lásán ni ẹ̀rọ fi ń sọ wọ́n lórúkọ. Bí ẹni tí ó yà wọ́n bá kúrò lẹ́nu iṣẹ́, ta ni yóò mọ ère tí èyí jẹ́, ọjọ́ tí a yà á, àti ẹni tí ó fún wa láṣẹ? Fọ́tò bẹ́ẹ̀ wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n a kò lè wá a rí mọ́. Dublin Core, ìlànà tí ó bẹ̀rẹ̀ ní ìpínlẹ̀ Ohio ní Amẹ́ríkà ní 1995, gbé ohun 15 kalẹ̀ tí ó yẹ kí a kọ tì í: àkọlé, ẹni tí ó ṣe é, déètì, èdè, ẹ̀tọ́ àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ.

Níbi èdè gan-an ni a ti rí àléébù. Bí a bá kọ ọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì pé obìnrin tí ó jókòó ni ère kan, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n kò tó. Kí ni ará Èsìẹ́ ń pe irun tí ó dì, ìlẹ̀kẹ̀ ọrùn rẹ̀, àti ilà ojú rẹ̀, ní ẹ̀ka èdè Ìgbómìnà? Àkójọ Digital Benin, tí ó ṣí ní 2022, kó iṣẹ́ ọnà Bìní tí ó ju 5,000 lọ jọ láti ọ̀dọ̀ ilé-iṣẹ́ 131 ní orílẹ̀-èdè 20, ó sì fi orúkọ Ẹ̀dó tò wọ́n. Ohun tí Ẹ̀dó ṣe kò kọjá agbára Ìgbómìnà. Àmì ohùn pẹ̀lú kì í ṣe ọ̀ṣọ́: ẹni tí ó tẹ “oko” láìfi àmì kankan sí i kò jẹ́ kí a mọ̀ bóyá oko ni, tàbí ọkọ, ọkọ́ tàbí ọkọ̀. Ó tilẹ̀ ṣeé ṣe kí a tẹ “ọ́” ní ọ̀nà méjì tí ojú rí bí ọ̀kan, tí ẹ̀rọ sì kà sí méjì bí a kò bá ṣètò rẹ̀.

Àwọn kan lè sọ pé oríkì àti ìtàn ti tó wa. A kò gbà. Oríkì mọ ìran ènìyàn, ṣùgbọ́n kò sọ èwo nínú ère ni apá ọ̀tún rẹ̀ kán. Bákan náà, àkọsílẹ̀ tí ó wọn ère ní sẹ̀ǹtímítà, tí kò mẹ́nu ba àlejò tí ó di òkúta, aláàbọ̀ ni. Níbi tí a bá ti béèrè ẹni tí ó gbẹ́ ère, kí á kọ ohun tí àwọn awalẹ̀pìtàn sọ, kí á kọ ohun tí ìlú sọ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, kí á fi ẹni tí ó sọ ọ́ àti ọdún tí ó sọ ọ́ hàn. Ohun tí Àwòrò bá sì ní kò yẹ fún etí gbogbo ayé, kí àkọsílẹ̀ fi hàn pé àṣẹ ni ó jẹ́ kí á fi í pamọ́, kì í ṣe àìmọ̀.

Iṣẹ́ yìí kì í ṣe ti onímọ̀ ẹ̀rọ nìkan. Ó yẹ kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ èdè Yorùbá lọ jókòó ti àwọn àgbà Èsìẹ́ nísinsìnyí, kí wọ́n mú fọ́tò ère kọ̀ọ̀kan dání, kí wọ́n sì béèrè orúkọ ohun tí ó wà lára rẹ̀. Òkúta lè dúró dè wá. Àwọn tí ó mọ orúkọ wọ̀nyí kò lè dúró bẹ́ẹ̀.