Àwọn Àgbà Tí Kò Lórúkọ

Láàárín Ibafo sí Mowe, fọ́tò àgbà kì í wọ́n létí títì. Wọ́n á tẹ̀ ẹ́ gàgàrà sórí bánà, wọ́n á so ó mọ́ òpó iná. Kí danfo tó kọjá, kó o tó ka ọ̀rọ̀ kankan níbẹ̀, o ti mọ̀ pé ọ̀kan nínú nǹkan méjì ló ṣẹlẹ̀: yálà bàbá yẹn pé ọgọ́rin ọdún, tàbí wọ́n fẹ́ sin ín. Àmì ni. Kò sẹ́ni tó kọ́ wa níléèwé, gbogbo wa la sì mọ̀ ọ́n kà.

Mo rò pé ibẹ̀ gan-an ni agbára Elder Series ti Malik Afegbua ti wá, kì í ṣe torí pé kọ̀ǹpútà ló yà á. Oṣù Kìíní ọdún 2023 ni Afegbua, tó ń ṣe fíìmù l'Ékòó, gbé àwọn àwòrán náà sórí Instagram: àwọn arúgbó onírun funfun nínú aṣọ olówó ńlá, tí wọ́n ń rìn níbi ìfihàn aṣọ bíi módẹ́ẹ̀lì. Midjourney ló fi ṣe é. Kò sí ìkankan nínú wọn tó jẹ́ èèyàn gidi, síbẹ̀ ariwo rẹ̀ kárí ayé. Àwọn kan tiẹ̀ gbà pé ìfihàn aṣọ náà wáyé lóòótọ́.

Ọ̀rọ̀ tí mo ń gbọ́ nípa rẹ̀ kì í sábà kọjá “ó rẹwà gan-an” tàbí “AI fẹ́ gba iṣẹ́ lọ́wọ́ àwọn oníṣẹ́ ọnà.” Èwo nínú méjèèjì ló ka àwòrán fúnra rẹ̀? Mo bá ya àtẹ kan, bí a ṣe máa ń ṣe níbi iṣẹ́ tí ọ̀rọ̀ bá ti lọ́ pọ̀ jù. Ìlà òòró mẹ́ta: fọ́tò àgbà ti stúdíò àtijọ́, bánà etí títì, Elder Series. Ìlà ìbú márùn-ún: báwo ni àgbà náà ṣe wà, ibo ló ń wò, kí ló wọ̀, ta ló ń wò ó, kí lorúkọ rẹ̀. Ti ojú àti ti aṣọ ò mú nǹkan gidi wá. Ẹ jẹ́ ká fò wọ́n.

Ti stúdíò rọrùn. Stephen Sprague, ará Amẹ́ríkà tó kọ̀wé nípa iṣẹ́ fọ́tò láàárín Yorùbá lọ́dún 1978, ti ṣàpèjúwe rẹ̀: àgbà á jókòó gbọnin, á kọjú sí kámẹ́rà, ọwọ́ á wà lórí orúnkún, ẹsẹ̀ á yà kí aṣọ lè tẹ́ dáadáa. Jíjókòó yẹn gan-an lọ̀rọ̀. Àgbà jókòó, ayé ló ń tọ̀ ọ́ wá. Bánà jogún rẹ̀, wọ́n kàn lẹ àwọsánmà mọ́ ọn lẹ́yìn ni. (Àwọsánmà yẹn náà ń sọ̀rọ̀. Lẹ́yìn ọmọ tó pé ọdún kan, bàlúùnù lẹ máa rí.)

Wá wo Elder Series: wọ́n ń rìn! Orúnkún tó yẹ kó máa ro wọ́n ló ń gbé aṣọ ńlá yẹn bọ̀. Àmì kan ṣoṣo ni Afegbua yí padà, àwòrán gàgàrà àgbà ò sì kéde ikú mọ́. Lórí bánà, àgbà jókòó, àwa là ń kọjá lọ. Níbí, èrò ìwòran ló jókòó, àgbà ló ń kọjá.

Ẹnì kan á ní irọ́ ṣáá ni, kò sẹ́nì kankan níbẹ̀. Charles Peirce, ará Amẹ́ríkà tó jinlẹ̀ nínú ìmọ̀ àmì, pín àmì sí mẹ́ta: èyí tó jọ nǹkan, èyí tí nǹkan náà fúnra rẹ̀ fà, bí èéfín ṣe ń tara iná wá, àti èyí tí àwùjọ fohùn ṣọ̀kan lé lórí. Àrokò wa ń lo ẹ̀kẹta yẹn dáadáa: owó ẹyọ mẹ́fà ò jọ ìfẹ́, ṣùgbọ́n “ẹ̀fà” ń rán wa létí “fà”, pé ọkàn mi fà sí ọ. Fọ́tò ní jíjọ, ó tún ní èéfín, torí ìmọ́lẹ̀ tó bà lé ọ lára ló ṣe é. Àwòrán Midjourney ní jíjọ, èéfín ni kò ní.

Ṣùgbọ́n ìyẹn nìkan ò tíì tó ẹ̀sùn lọ́dọ̀ wa. Sprague yìí náà kọ ọ́ pé bí ọ̀kan nínú ìbejì bá kú láìní fọ́tò, oníṣẹ́ fọ́tò á ya èyí tó kù, á tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì sínú àwòrán kan náà, kí àwọn méjèèjì lè jọ wà pọ̀. Ẹni tí kò jókòó síwájú kámẹ́rà wà nínú fọ́tò, àwọn òbí sì gbà á. Kí ló mú kí wọ́n gbà á? Orúkọ. Táíwò nìyí, Kẹ́hìndé nìyẹn.

Ìlà karùn-ún àtẹ mi dé nìyẹn. Lórí bánà, orúkọ ló máa ń tóbi jù, ọdún ìbí á tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà àwọn ọmọ tó ń ṣe é. Lábẹ́ Elder Series, àpótí yẹn ṣófo. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń kọ kóòdù mọ̀ pé null yàtọ̀ sí òdo: òdo ni pé a kà á, a ò rí nǹkan kan, null ni pé kò sẹ́ni tó tiẹ̀ béèrè. Àwọn àgbà yìí ò ní ìlú, wọn ò ní ọmọ, kò sẹ́ni tó lè kì wọ́n. Ìyẹn ló ń dùn mí nínú iṣẹ́ tí mo fẹ́ràn yìí. Ó fún àgbà lẹ́sẹ̀, ó gba oríkì lọ́wọ́ wọn.

Lóòótọ́, Afegbua ti sọ pé àìlera ìyá òun ló bí iṣẹ́ náà. Tí mo bá fi ìyẹn kún àtẹ, èéfín wà, ìta àwòrán ló kàn wà. Ṣùgbọ́n lórí WhatsApp, níbi tí wọ́n ti gé gbogbo àlàyé kúrò, bàbá kan tó ń rìn bọ̀ nìkan lèèyàn máa rí, á sì bi ẹni tó fi ránṣẹ́ sí i: ta ni bàbá yìí?