Ojú Tó Mọ Èpò, Ọwọ́ Tó Mọ Ìwọ̀n

Ní Cedar Creek, ní ìpínlẹ̀ Minnesota ní Amẹ́ríkà, koríko kan náà lè jẹ́ ohun ọ̀gbìn lórí ilẹ̀ kan, kó sì di èpò lórí èkejì tí kò ju ìṣísẹ̀ díẹ̀ lọ sí i. Poa pratensis, koríko tí àwọn ará Amẹ́ríkà máa ń gbìn síwájú ilé wọn, wà lára irúgbìn méjìdínlógún tí àwọn onímọ̀ yàn fún iṣẹ́ ìwádìí ńlá tó wà níbẹ̀. Níbi tí orúkọ rẹ̀ bá ti wà nínú ìwé, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án. Níbi tí kò bá sí, fífà ni wọn yóò fà á tu tòun ti gbòǹgbò. Ẹni tó ń ṣe ìpinnu yìí lẹ́gbẹẹgbẹ̀rún ìgbà lórí ìkúnlẹ̀, nínú ooru oṣù kẹfà títí dé oṣù kẹjọ, kì í ṣe ọ̀jọ̀gbọ́n. Akẹ́kọ̀ọ́ ni, ọ̀dọ́ tó ti kàwé fún ọdún kan tàbí méjì ní yunifásítì, tó wá fi àkókò ìsinmi rẹ̀ ṣiṣẹ́.

Iṣẹ́ ọwọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yìí ni mo fẹ́ kí á wò dáadáa, nítorí ọ̀pọ̀ ló ti gbọ́ èsì ìwádìí Cedar Creek tí kò mọ ohun tó gbé èsì náà dúró.

Cedar Creek wà ní nǹkan bíi kìlómítà 50 sí àríwá ìlú Minneapolis, Yunifásítì Minnesota ló sì ń bójú tó o. Ilẹ̀ yanrìn ni, yanrìn tí omi òkìtì yìnyín ayé àtijọ́ gbé wá tẹ́ síbẹ̀. Ọ̀rá ilẹ̀ náà kò tó nǹkan. Náítírójìn ló sì ṣọ̀wọ́n jù nínú rẹ̀. Ní 1987 àti 1988, ọ̀gbẹlẹ̀ líle kan jà níbẹ̀. Ọ̀jọ̀gbọ́n David Tilman ti ní àwọn ìpín ilẹ̀ tó ń ṣọ́ ṣáájú àkókò náà, ó sì rí i pé ibi tí oríṣi ewéko ti pọ̀ kò fara gbá ọ̀gbẹlẹ̀ náà tó ibi tí oríṣi kò ti pọ̀. Òun àti John Downing gbé ọ̀rọ̀ yìí jáde nínú ìwé ìròyìn Nature ní 1994. Ṣùgbọ́n àtakò kan wà tó lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Ajílẹ̀ tí wọ́n ti ń bù sí àwọn ìpín náà wà lára ohun tó sọ oríṣi ewéko di púpọ̀ níhìn-ín, tó sì sọ ọ́ di díẹ̀ lọ́hùn-ún. Ta ló wá mọ èyí tó fa ìyàtọ̀ náà gan-an?

Ọ̀nà tó dájú láti dáhùn ni kí wọ́n fúnra wọn gbin oríṣi tí wọ́n fẹ́, ní iye tí wọ́n fẹ́. Ní 1993 wọ́n pa ewéko orí pápá kan, wọ́n sì sun ún. Nígbà tó di 1994 wọ́n fi katakata ha ojú ilẹ̀ náà kúrò, tó sẹ̀ǹtímítà 6 sí 8, kí irúgbìn àtijọ́ tó ti sá pamọ́ sínú rẹ̀ lè bá a lọ. Wọ́n túlẹ̀, wọ́n ya ìpín 168 sọ́tọ̀, wọ́n sì fún irúgbìn ní oṣù karùn-ún ọdún náà àti ní oṣù karùn-ún 1995. Oríṣi kan ṣoṣo ni wọ́n fún sí àwọn ìpín kan. Méjì, mẹ́rin, mẹ́jọ tàbí mẹ́rìndínlógún ni wọ́n fún sí àwọn yòókù. Wọn kò fi ìfẹ́ inú yan èyí tó bọ́ sí ibikíbi. Bí ẹni ṣẹ́ kèké ni.

Ilẹ̀ kì í gba irú ètò bẹ́ẹ̀ láìjanpata. Afẹ́fẹ́ ń gbé irúgbìn wá, ẹyẹ ń gbé e wá, ewéko inú ìpín kan sì ń fọ́n ọmọ sínú ìpín kejì. Bí wọ́n bá fi ilẹ̀ oríṣi kan sílẹ̀ fún ọdún mélòó kan, oríṣi mìíràn á ti ya bò ó, ohun tí wọ́n kọ sínú ìwé á sì di irọ́. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń tu èpò níbẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta tàbí lẹ́ẹ̀mẹ́rin lọ́dún, tí wọ́n sì ń fi ọwọ́ tu ú. Èpò títu yìí ló ń jẹ́ kí ọ̀kan máa jẹ́ ọ̀kan lọ, kí mẹ́rìndínlógún má sì di ogún.

Ojú ni iṣẹ́ náà kọ́kọ́ ń béèrè. Nínú ìwé, òdòdó ni wọ́n fi ń dá ewéko mọ̀ jù lọ. Àmọ́ ẹni tó bá dúró de òdòdó koríko kó tó tu èpò ti pẹ́ jù. Nítorí náà, akẹ́kọ̀ọ́ gbọ́dọ̀ mọ koríko láti ara ewé rẹ̀ nìkan, nígbà tí kò tíì ga ju ìka lọ. Ó máa rọra fa ewé náà sẹ́yìn, kó lè rí ibi tó ti ya kúrò lára ọ̀pá. Ibẹ̀ ni àmì wà. Bí ó bá rí irun tó pọ̀ ní ojú ibẹ̀, tó fẹ̀ nísàlẹ̀ tó sì ṣe ṣóńṣó lókè, Panicum virgatum ni. Bí ó bá rí ohun kékeré méjì tó nà ṣánṣán sókè ní ibi kan náà, Sorghastrum nutans ni. Bí ìdí ọ̀mùnú bá tẹ́ pẹlẹbẹ, tí àwọ̀ rẹ̀ sì fà sí búlúù, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ Schizachyrium scoparium. Ní ti Poa, ṣóńṣó ewé rẹ̀ kì í tẹ́, ńṣe ló ká jọ. Bí a bá fi ìka tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, á là sí méjì.

Àwọn tó rọrùn nìyẹn. Èyí tó le ni ti àwọn mẹ́ta kan tí wọ́n jọ ní àmì kan náà: ewé wọn ní etí kéékèèké méjì tó gbá ọ̀pá mọ́ra. Elymus canadensis àti Agropyron smithii jẹ́ ohun ọ̀gbìn nínú iṣẹ́ yìí. Ẹ̀kẹta wọn, Agropyron repens, èpò paraku ni, àtọ̀húnrìnwá láti Yúróòpù. Elymus canadensis máa ń dúró lójú kan ní ìdì, kì í rákò. Ti smithii ló ń da èèyàn láàmú, nítorí òun náà ń rákò lábẹ́ ilẹ̀ bíi ti èpò yẹn. Àwọ̀ eérú tó dà pọ̀ mọ́ búlúù ló wà lára ewé smithii. Ewé náà le, iṣan orí rẹ̀ sì yọ gọ̀gọ̀ débi pé ìka mọ̀ ọ́n kí ojú tó mọ̀ ọ́n. Ewé repens tútù yọ̀yọ̀, ó sì rọ̀. Lórí ìyàtọ̀ díẹ̀ yìí ni akẹ́kọ̀ọ́ ti ń ṣe ìdájọ́, ó sì ń ṣe é láìmọye ìgbà lójúmọ́.

Imú náà ní iṣẹ́ tirẹ̀. Ọ̀pá Monarda fistulosa ní igun mẹ́rin, bí a bá sì ra ewé rẹ̀ láàárín ìka, òórùn rẹ̀ á dá ara rẹ̀ mọ̀. Ewé Achillea ya wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́, òun náà sì ní òórùn tirẹ̀. Asclepias tuberosa yàtọ̀ sí àwọn ìbátan rẹ̀, nítorí bí ewé rẹ̀ bá já, oje funfun kì í jáde. Ẹni tó bá mọ gbogbo èyí kì í dúró wo ìwé mọ́. Ọwọ́ rẹ̀ á máa lọ láti ewé sí ewé, á fi èyí sílẹ̀, á mú èyí, á sì dúró níbi tí iyè méjì bá wà.

Lẹ́yìn ojú ni ọwọ́. Àgbẹ̀ tó bá ti bá èkan jà rí yóò mọ ohun tí àwọn ọmọ yìí ń kojú lára Agropyron repens. Ohun funfun tó mú ní ṣóńṣó ló ń rìn lábẹ́ ilẹ̀, èyíkéyìí tó bá sì já sílẹ̀ níbẹ̀ á tún hù. Ẹni tó bá fi ìbínú fà á ti gbin mìíràn. Ńṣe ni a ó rọra tú yanrìn náà, a ó fi ìka tẹ̀ lé e láti oríkèé dé oríkèé, títí a ó fi dé òpin rẹ̀. Gbòǹgbò ohun ọ̀gbìn sì ti lọ́ mọ́ ọn lójú ọ̀nà, nítorí náà ọwọ́ kan á máa di ilẹ̀ mú bí èkejì ti ń fà. Bí ó bá jáde tán, a ó fi yanrìn dí ihò rẹ̀, nítorí ilẹ̀ tó bá là sílẹ̀ ń pe irúgbìn tuntun ni. A ó tún wo ibi tí orúnkún ń tẹ̀. Ohun gbogbo wọ̀nyí, nínú oòrùn, láàárín ẹ̀fọn àti eégbọn, lórí ìpín tí ìhà rẹ̀ kọ̀ọ̀kan tó mítà 9.

Ẹwà kan wà nínú iṣẹ́ yìí tó wú mi lórí ju ìyókù lọ: ara akẹ́kọ̀ọ́ ń mọ ìmọ̀ náà kí ó tó kà á. Nínú ìpín oríṣi kan, yanrìn wà ní gbangba, èpò sì ń rọ́ wọ ibẹ̀. Iṣẹ́ ibẹ̀ ń gba àkókò. Nínú ìpín oríṣi mẹ́rìndínlógún, ewé ti bo ilẹ̀, gbòǹgbò ti gba ààyè, èpò kò sì fi bẹ́ẹ̀ rí ibi dúró sí. Johannes Knops àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kọ ọ́ sínú ìwé ní 1999 pé bí oríṣi ṣe ń pọ̀ sí i ni àwọn àjèjì ewéko ń dín kù. Ìbàdí àwọn tó tu èpò náà lè jẹ́rìí sí i.

Nígbà tí ooru bá mú tán, ìrẹ́ko dé. Wọ́n á rẹ́ ọ̀nà tóóró kan, sẹ̀ǹtímítà 10 ní fífẹ̀, láti inú ìpín kọ̀ọ̀kan, ní ìdí ilẹ̀ gan-an. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á jókòó ti ohun tí wọ́n rẹ́, wọ́n á máa ṣà á ní oríṣi oríṣi. Níbí, ìdí koríko kò sí mọ́, gbòǹgbò kò sí. Ègé ewé lásán ni, ó sì ti ń rọ. Ẹni tí kò bá mọ ewé dénú kò lè ṣe é. Wọ́n á gbẹ ẹ́ títí omi ara rẹ̀ yóò fi tán, wọ́n á sì wọ̀n ọ́n. Láti inú ìwọ̀n wọ̀nyí ni èsì tí Tilman àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé jáde nínú ìwé ìròyìn Science ní 2001 ti wá: ewéko orí ìpín oríṣi mẹ́rìndínlógún wúwo ní ìlọ́po 2.7 ju ti orí ìpín oríṣi kan lọ. Àwọn irúgbìn ìdílé ẹ̀wà ń fa náítírójìn láti inú afẹ́fẹ́ sí ilẹ̀ tó tòṣì, àwọn koríko sì ń jẹ ẹ́. Àwọn kan ń dàgbà nígbà tí ilẹ̀ ṣì tutù, àwọn mìíràn ń dúró de ooru. Kì í sì í ṣe ewéko nìkan ló jàǹfààní. Nick Haddad àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kó ohun tí wọ́n fi àwọ̀n gbá lórí àwọn ìpín náà fún ọdún mọ́kànlá jọ, wọ́n sì fi hàn ní 2009 pé bí oríṣi ewéko ti ń dín kù ni oríṣi kòkòrò tó fi ibẹ̀ ṣe ilé ń dín kù.

Kò sẹ́ni tí a bí ìmọ̀ yìí mọ́. Ẹni tó ti ṣe é rí á kúnlẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹni tuntun, á fi ewé méjì hàn án lẹ́ẹ̀kan náà, á ní kó sọ ìyàtọ̀ wọn. Ohun tí wọ́n ń kọ́ ọ kì í ṣe orúkọ nìkan. Wọ́n ń kọ́ ọ ní sùúrù láti sọ pé òun kò mọ̀, kó sì pe ẹlòmíràn kó tó fà á. Èpò tí a gbàgbé, a lè padà wá tu ú. Ohun ọ̀gbìn tí a bá fà tu lónìí kò ṣeé dá padà, ìwọ̀n ìpín náà sì ti yí.

Ní Cedar Creek, iṣẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ kì í ṣe ohun àná. Ibẹ̀ ni Raymond Lindeman, akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì Minnesota, ti fi nǹkan bí ọdún márùn-ún wọn ohun alààyè inú adágún kékeré kan, tí Eleanor ìyàwó rẹ̀ ń bá a ṣiṣẹ́. Láti inú rẹ̀ ló ti ṣàlàyé bí agbára oòrùn ṣe ń kọjá láti ara ewéko sí ara ohun tó jẹ ẹ́, àti sí ara ohun tó jẹ èyí náà. Ó kú ní 1942, ọmọ ọdún 26, kí ìwé tó sọ ọ́ di olókìkí tó jáde lọ́dún yẹn kan náà.

Ní Jámánì, ní Jena, irú iṣẹ́ yìí bẹ̀rẹ̀ ní 2002, pẹ̀lú ọgọ́ta oríṣi ewéko. Àwọn onímọ̀ ibẹ̀ mọ̀ọ́mọ̀ fi apá kan sílẹ̀ láìtu èpò rẹ̀. Àwọn àjèjì ya wọ ibi tí oríṣi ti kéré, ìyàtọ̀ tí wọ́n ti fi ọwọ́ dá sílẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í parẹ́. Ẹ̀rí tó dájú nìyẹn nípa ohun tí èpò títu ń ṣe.

Nítorí náà, nígbàkigbà tí a bá gbọ́ pé ilẹ̀ tó ní oríṣi ewéko púpọ̀ ń so ju èyí tó ní díẹ̀ lọ, kí á mọ̀ pé ìwọ̀n ni ọ̀rọ̀ náà, àti pé ìwọ̀n náà kò lè tọ́ ju ojú àti ọwọ́ tó ń ṣọ́ ọ lọ. Ọdọọdún ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tuntun ń dé síbẹ̀, tí wọ́n ń kọ́ bí a ṣe ń dá koríko mẹ́ta tó jọra wọ̀nyẹn mọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ó ti lé lọ́gbọ̀n ọdún báyìí tí irúgbìn àkọ́kọ́ ti bọ́ sí ilẹ̀ náà. Èpò títu kì í ṣe ìmúrasílẹ̀ fún ìwádìí níbẹ̀. Òun gan-an ni ìwádìí, ó sì yẹ kí á ka àwọn tó ń ṣe é mọ́ àwọn olùwádìí.