Ohùn Inú Ọkọ̀ Tòkunbọ̀

Ríra ẹ̀rọ orin tuntun sínú ọkọ̀ kò le. Kí ohùn rẹ̀ já gaara ni iṣẹ́. Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tòkunbọ̀ tó ń ná ọ̀nà Adó sí Ìkẹ́rẹ́ títí dé Àkúrẹ́ ló ṣì ń lo sípíkà tí wọ́n bá dé. Pépà ni awọ rẹ̀, oòrùn á sì jẹ fóòmù etí rẹ̀ títí á fi ya. Ìyáàlù tó yẹ kó dún kìkì á wá dà bí agolo.

Kí ríwáyà, oníṣẹ́ iná ọkọ̀, tó fọwọ́ kan ohunkóhun, á kọ́kọ́ tú wáyà òdì kúrò lórí bátìrì.

Ibi tí ọgbọ́n iṣẹ́ náà wà ni síso wáyà sípíkà. Bí ti ọ̀kan bá yí padà, ọ̀kan á máa tì síwájú nígbà tí èkejì ń fà sẹ́yìn. Ohùn ìlù á pòórá, bẹ́ẹ̀ kò sí ohun tó bàjẹ́. Bátìrì tọ́ọ̀ṣì, vóòtì 1.5 péré, ló ń yanjú rẹ̀: wọ́n á fi kan wáyà méjèèjì wéré, bí awọ bá yọ síwájú, ó bára mu. Ọgbọ́n tó yẹ kí a bọ̀wọ̀ fún nìyẹn.

Bí ámúpù bá wà, fíùsì rẹ̀ gbọ́dọ̀ súnmọ́ bátìrì, kí ọkọ̀ má baà gbiná. Wáyà ohùn á gba ẹ̀gbẹ́ kejì ọkọ̀, kúrò níbi tí wáyà iná gbà, kí igbe ẹ́ńjìnnì má baà wọnú orin. Ihò ilẹ̀kùn ni wọ́n ń dí gbẹ̀yìn. Ilẹ̀kùn tí kò gbọ̀n ló ń jẹ́ kí ìlù dún bí ìlù.