Gígé Tí Kì Í Sọ Àwòrán Ilé Di Àgékù

Ìwé A1 tí wọ́n sábà máa ń ya ilé sí gùn ní mìlímítà 841, ó sì fẹ̀ ní 594. Ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan ṣoṣo lè ní irú rẹ̀ lọ́pọ̀: ti ìpìlẹ̀, ti ìsàlẹ̀, ti òkè, ti òrùlé, ti irin, ti iná, ti omi. Nígbà kan rí, bébà ni gbogbo wọn, abẹ́ abíyá ni wọ́n sì ń bá ni dé sáìtì. Ní báyìí, fáìlì PDF ni, orí fóònù ni bíríkìlà àti ẹni tó ń tẹ irin sì ti ń wò ó. Bí wọ́n bá fi odindi ìwé náà ránṣẹ́ sí wọn, wọ́n á máa fi ìka méjì fẹ̀ ẹ́, wọ́n á máa tì í sọ́tùn-ún sósì, títí ojú wọn yóò fi ṣìnà láàárín àwọn ìlà. Ìdí nìyí tí iṣẹ́ ẹni tó jókòó sídìí kọ̀ǹpútà, tó ń yọ apá tó yẹ kálukú fún un, fi wù mí púpọ̀.

Ẹ jẹ́ ká mú àtẹ̀gùn wò. Nínú àwòrán irin, wọ́n á là á sí méjì kí inú rẹ̀ lè hàn. Ká ní sítẹ́ẹ̀pù kọ̀ọ̀kan ga ní mìlímítà 150, ó fẹ̀ ní 300, kọnkéré abẹ́ wọn sì nípọn tó 150. Ọ̀pá tí wọ́n kọ Y12 sí, èyíinì ni irin líle oní-mìlímítà 12, ń gba abẹ́ gòkè lọ. Bó bá dé ibi tí àtẹ̀gùn ti pàdé pèpéle òkè, kò gbọdọ̀ tẹ̀ kó máa tẹ̀lé igun abẹ́ náà. Bó bá tẹ̀ lé e, ọjọ́ tí ẹrù bá gun àtẹ̀gùn, irin yóò fẹ́ na ara rẹ̀ tọ́, yóò sì ti kọnkéré abẹ́ igun náà jáde. Ńṣe ló yẹ kó tọ́ lọ, kó ré igun kọjá, kó wọ apá òkè pèpéle. Ọ̀pá mìíràn yóò ti abẹ́ pèpéle wá wọ inú àtẹ̀gùn, àwọn méjèèjì á sì gba ara wọn kọjá.

Ibẹ̀ gan-an ni a ti ń mọ ẹni tó mọ àwòrán gé. Ẹni tí kò fara balẹ̀ á pààlà síbi tí sítẹ́ẹ̀pù tó kẹ́yìn parí, nítorí àtẹ̀gùn ni wọ́n ní kó yọ. Àwòrán náà á mọ́ lójú, ṣùgbọ́n ìdí ọ̀pá méjèèjì ti wà lẹ́yìn ààlà. Ẹni tó gbọ́ èdè irin á jẹ́ kí ààlà rẹ̀ wọ inú pèpéle dáadáa. Àgbẹ̀ tó ń gé iṣu ṣe èbù mọ̀ pé èyí tí kò bá ní èèpo lára kò ní hù. Apá tí a bá yọ nínú àwòrán náà ní láti gbé díẹ̀ dání lára ibi tó ti wá.

Lára ohun tó yẹ kó bá a lọ ni àwọn ìlà tí wọ́n fi lẹ́tà àti nọ́ńbà dárúkọ, tó ń sọ igun ilé tí a wà, àti nọ́ńbà ìwé pẹ̀lú lẹ́tà àtúnṣe, tí wọ́n sábà máa ń kọ sí igun ìsàlẹ̀ lápá ọ̀tún. Ti ìwọ̀n gba ìṣọ́ra. Ohun tí wọ́n yà ní 1:50 sórí A1, bí wọ́n bá tẹ odindi ìwé náà sórí A3, 1:100 ló dà, bẹ́ẹ̀ 1:50 ṣì wà níbẹ̀ ní kíkọ. Lórí fóònù, kò tilẹ̀ ní ìwọ̀n kankan mọ́. Ìyẹn ni mo ṣe gbà pé kò sí ààlà tó dára tí yóò gé nọ́ńbà tó ń sọ gígùn nǹkan dànù: nọ́ńbà tí wọ́n kọ ni kí ènìyàn gbà gbọ́, kó má fi rúlà wọn ìlà.

Bí a ṣe yọ ọ́ náà ṣe pàtàkì. Ẹni tó bá ya fọ́tò ojú kọ̀ǹpútà rẹ̀, àmì tóótòòtó ló kó, WhatsApp á tún fún un pọ̀, 3 àti 8 á sì máa jọra. Ṣùgbọ́n PDF tó bá jáde tààrà láti inú AutoCAD, ètò kọ̀ǹpútà tí wọ́n fi ya ilé náà, ìlà gidi ló wà nínú rẹ̀. Bí a bá gé e, tí a sì fi ránṣẹ́ gẹ́gẹ́ bí fáìlì, bó ti wù kí a fẹ̀ ẹ́ tó, kò ní ṣú. Ohun kan wà tí ọ̀pọ̀ kò fura sí: gígé PDF sábà máa ń bo ìyókù ni, kì í pa á rẹ́. Ẹni tó bá ní irinṣẹ́ lè ṣí ààlà náà padà, kó rí odindi ìwé. Bó bá jẹ́ ilé ìfowópamọ́ ni, tí yàrá owó wà lójú ìwé kan náà, kí wọ́n yáa padà sínú AutoCAD, kí wọ́n fi àṣẹ rẹ̀ tó ń jẹ́ WBLOCK kọ kìkì ohun tí wọ́n yàn sínú fáìlì tuntun.

Ẹni tó ń ṣe iṣẹ́ yìí dáadáa kì í sì í dákẹ́ lẹ́yìn tó bá ti fi ránṣẹ́. Bí Ẹnjiníà bá yí lẹ́tà àtúnṣe padà láti B sí C lórí odindi ìwé, ègé tó ti wà lórí fóònù àwọn ènìyàn kò mọ̀. Á tún un gé, á kọ C gàdàgbà sára orúkọ fáìlì, á sì pe fóómànù lórí fóònù pé: “Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi B tẹ irin mọ́.”