Ohun tí Ojú Òǹwòran Rí: Lórí Ìdájọ́ Àwọn Sinimá Àtijọ́ ti Hollywood Nínú Ilé

Ìròyìn kò tó àfojúbà, ni àwọn àgbà Yorùbá wí. Ọ̀rọ̀ yìí gan-an ni àwọn òǹwòran sinimá máa ń fi ẹ̀yìn tì nígbà tí àwọn lámèyítọ́ bá ń bá wọn jiyàn. Wọn a ní ojú àwọn ni àwọn fi rí i, pé kò sí ẹni tí ó ròyìn rẹ̀ fún àwọn. Bí àwọn bá sì wí pé eré kan kò dára, kò dára náà ni. Ní ìgbà tí ó jẹ́ pé inú gbọ̀ngàn ìwòran nìkan ni ènìyàn ti lè rí sinimá, àwíjàre yìí lẹ́sẹ̀ nílẹ̀, nítorí pé ohun kan náà ni gbogbo ẹni tí ó sanwó wọlé jọ ń wò. Ṣùgbọ́n láti ìgbà tí sinimá ti wọ inú yàrá, ó yẹ kí onídàájọ́ kọ́kọ́ bi òǹwòran ní ìbéèrè kan kí ó tó gba ẹ̀rí rẹ̀: kí ni ojú rẹ̀ rí gan-an?

Ọdún 1975 ni ilé-iṣẹ́ Sony gbé ẹ̀rọ Betamax jáde. Ẹ̀rọ VHS sì tẹ̀lé e ní ilẹ̀ Japan ní ọdún 1976. Ní ọdún 1977, ilé-iṣẹ́ kan ní ìpínlẹ̀ Michigan, tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Magnetic Video, gba àṣẹ lọ́wọ́ Twentieth Century-Fox láti máa ta 50 nínú àwọn sinimá rẹ̀ lórí kásẹ́ẹ̀tì. Inú àwọn ilé-iṣẹ́ sinimá yòókù kò fi gbogbo ara dùn sí ẹ̀rọ yìí. Universal àti Disney pe Sony lẹ́jọ́, ó sì di ọdún 1984 kí Ilé-Ẹjọ́ Gíga Jùlọ ní Amẹ́ríkà tó dá Sony láre, pẹ̀lú adájọ́ 5 sí 4. Bí àwọn eré tí wọ́n ti ń wá sí ìlú tí wọ́n sì ń lọ bí eégún ọdọọdún ṣe di ohun tí ó ń jókòó sórí pẹpẹ bí ìwé nìyí. Òǹwòran lè dá a dúró kí ó lọ mu omi. Ó lè dá a padà sẹ́yìn. Ó lè yá aládùúgbò rẹ̀.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé ìdájọ́ inú ilé kò níye lórí. Ó ti yí ìdájọ́ ọjà padà rí. “It’s a Wonderful Life”, èyí tí Frank Capra darí, tí James Stewart sì jẹ́ olórí òṣèré rẹ̀, jáde ní oṣù Kejìlá ọdún 1946, owó tí wọ́n ná sí i kò sì wọlé padà. Ní ọdún 1974, àwọn tí ó ni ín kò sọ ẹ̀tọ́ wọn lórí rẹ̀ dọ̀tun gẹ́gẹ́ bí òfin ìgbà náà ti béèrè, eré náà sì wá dà bí igi ọsàn etí ọ̀nà tí gbogbo èrò ń ká. Àwọn ilé-iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n ń fi í hàn ní àsìkò Kérésìmesì. Àwọn oníkásẹ́ẹ̀tì olówó pọ́ọ́kú ń dà á kọ, wọ́n ń tà á. Kò pẹ́ tí eré tí ọjà ọdún 1946 kò náání fi di èyí tí ọ̀pọ̀ ìdílé ní Amẹ́ríkà kò lè ṣe ọdún láìwò. Kì í ṣe àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n ni ó gbé e dé ibẹ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé wọ́n ti kọ ìwé púpọ̀ lé e lórí láti ìgbà náà wá. George Bailey inú eré náà fẹ́ rin ìrìn àjò, ó fẹ́ kọ́ afárá, ṣùgbọ́n ẹrù ìdílé rẹ̀ àti ti ìlú rẹ̀ kò jẹ́ kí ó kúrò lójú kan, títí ó fi rò pé òfo ni ayé òun. Irú ọ̀rọ̀ báyìí kì í yé ọmọ ogún ọdún dáadáa. A máa yé ẹni ogójì ọdún. Ẹni tí ó bá ní kásẹ́ẹ̀tì nílé lè wò ó ní ọjọ́ orí méjèèjì, kí ó sì da ẹjọ́ ara rẹ̀ nù lẹ́ẹ̀kejì, èyí tí gbọ̀ngàn ọdún 1946 kò fún ẹnikẹ́ni láàyè láti ṣe.

Ó sì yẹ ní àkíyèsí pé ẹ̀dà burúkú ni púpọ̀ nínú àwọn kásẹ́ẹ̀tì pọ́ọ́kú wọ̀nyí. Àwòrán wọn ṣú, ohùn wọn há. Síbẹ̀ àwọn ènìyàn rí eré náà, wọ́n sì dá a ní ẹjọ́ òdodo. Nítorí náà, ẹ̀dà tí kò mọ́lẹ̀ kọ́ ni olórí ọ̀tá òǹwòran. Ẹ̀dà tí ó ṣú ń jẹ́wọ́ àbùkù ara rẹ̀. Ọmọdé pàápàá yóò wí pé kásẹ́ẹ̀tì yìí ti gbó. Ẹ̀dà tí ó léwu ni èyí tí wọ́n gé tí ó sì ń dán, tí kò sí àpá ọ̀bẹ lára rẹ̀.

Ibi tí ọ̀bẹ náà ti ṣiṣẹ́ jù ni ara àwọn sinimá olójú fífẹ̀. Nígbà tí tẹlifíṣọ̀n bẹ̀rẹ̀ sí í dá àwọn ará Amẹ́ríkà dúró sílé, àwọn ará Hollywood wá ohun tí tẹlifíṣọ̀n kò ní. Ní ọdún 1953, Fox gbé “The Robe” jáde, sinimá àkọ́kọ́ tí wọ́n fi ọgbọ́n CinemaScope ṣe, tí fífẹ̀ àwòrán rẹ̀ ju ìlọ́po méjì gíga rẹ̀ lọ. Tẹlifíṣọ̀n ìgbà náà ńkọ́? Bí gíga ojú rẹ̀ bá jẹ́ 3, fífẹ̀ rẹ̀ kò ju 4. Àwàdà ńlá ni pé àwòrán tí wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ fẹ̀ kí ó má baà jọ tẹlifíṣọ̀n ni ó padà wá wọ inú tẹlifíṣọ̀n. Láti mú un wọlé, ẹnì kan ní láti jókòó kí ó máa yan apá tí òǹwòran yóò rí nínú àwòrán kọ̀ọ̀kan, kí ó sì gé ìyókù nù. Ohun tí ó ń ṣòfò báyìí lára àwòrán CinemaScope lé ní ìdá 4 nínú 10. Ní ti “Ben-Hur” tí William Wyler darí ní ọdún 1959, tí fífẹ̀ rẹ̀ súnmọ́ ìlọ́po mẹ́ta gíga rẹ̀, ohun tí ó ń ṣòfò ju ìdajì lọ. Ẹṣin funfun 4 ni ó ń fa kẹ̀kẹ́ Ben-Hur, ẹṣin dúdú 4 ni ó ń fa ti Messala, àwọn méjèèjì sì ń sáré ní ẹ̀gbẹ́ ara wọn. Ẹni tí ó bá rí ìdajì àwòrán yìí rí ọkùnrin kan tí ń na ẹṣin. Kò rí ìje.

Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí àwọn ìran tí ẹni méjì ti ń bára wọn sọ̀rọ̀ tilẹ̀ burú ju ti ẹṣin lọ. Olùdarí a gbé ọ̀kan sí òpin ọ̀tún, èkejì sí òpin òsì, nítorí pé ó fẹ́ kí òfìfo tí ó wà láàárín wọn sọ ohun tí ẹnu wọn kò sọ. Agégé a wá fi ẹnì kan hàn, a tún fi èkejì hàn, bí ẹni pé yàrá ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n jókòó sí. Òǹwòran a wí pé olùdarí yìí kò mọ iṣẹ́, àwọn òṣèré rẹ̀ ń dá sọ̀rọ̀. Òótọ́ ni ohun tí ó rí. Ẹlòmíràn ni ó jẹ̀bi. Bí apohùn bá ki oríkì ìdílé kan lójú agbo, tí ẹnì kan sì gé ìlà àwọn ìyá ilé kúrò kí ó tó fi rédíò gbé e, ta ni gbogbo ènìyàn yóò bú pé kò mọ oríkì?

Kò yẹ kí ẹnikẹ́ni fi ìwàǹwára sọ pé ẹ̀dà tóóró gbogbo ni wọ́n gé. “Seven Brides for Seven Brothers” ti ọdún 1954, èyí tí Stanley Donen darí, ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n yà á, ọ̀kan ní CinemaScope, èkejì ní ojú tóóró, nítorí pé kì í ṣe gbogbo gbọ̀ngàn ni ó ní ohun èlò tuntun náà. Ẹ̀dà tóóró ti irú eré bẹ́ẹ̀ kì í ṣe àgékù. Lámèyítọ́ tí kò bá mọ èyí yóò dá ẹjọ́ èké bí òǹwòran tí ó ń bá wí.

Nígbà tí àwọn kan bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ àwòrán náà jáde ní pípé, ó di dandan kí ọ̀já dúdú wà ní òkè àti ní ìsàlẹ̀ ojú tẹlifíṣọ̀n. Ariwo wá sọ. Àwọn òǹwòran ní wọ́n ti bo ìdajì tẹlifíṣọ̀n tí àwọn fi owó ara àwọn rà. Ní òpin ọ̀rúndún ogún àti ní ìbẹ̀rẹ̀ èyí tí ó tẹ̀lé e, ní ayé DVD, irú ẹ̀dà méjèèjì ni àwọn ìsọ̀ ní Amẹ́ríkà ń tò sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn, ọ̀pọ̀ ènìyàn sì ń mú èyí tí ó kún ojú ẹ̀rọ. Àwọn ọ̀mọ̀wé fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́ ju bí ó ti yẹ lọ. Ẹni tí ẹ̀rọ rẹ̀ kéré, tí ó jókòó sí ìkángun yàrá, tí ojú àwọn òṣèré sì wá kéré bí èékánná lójú rẹ̀, kò purọ́ pé nǹkan ti dín. Ohun tí kò mọ̀ ni pé èyí tí ó kún ojú ẹ̀rọ ni wọ́n ti jí nǹkan nínú rẹ̀. Ọ̀já dúdú náà ń jẹ́wọ́ pé ẹ̀rọ rẹ kò gba gbogbo ohun tí ó wà níbí. Àwòrán kíkún kò jẹ́wọ́ ohunkóhun.

Ìjà kan náà ni ìjà àwọ̀. Ní ọdún 1986, Ted Turner ra àkójọ àwọn sinimá MGM, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í mú kí wọ́n fi kọ̀ǹpútà kun àwọ̀ sí àwọn eré dúdú-àti-funfun. Nígbà tí ó kan “The Maltese Falcon” ti ọdún 1941, John Huston tí ó darí rẹ̀ fi ìbínú ké sí gbogbo ayé. Lẹ́yìn ikú Huston ní ọdún 1987, àwọn ọmọ rẹ̀ gbé ẹjọ́ “The Asphalt Jungle” lọ sí ilé-ẹjọ́ ilẹ̀ Faransé, ilé-ẹjọ́ tí ó ga jù níbẹ̀ sì dá wọn láre ní ọdún 1991. Ti “Citizen Kane” rọrùn ju èyí lọ: ìwé àdéhùn tí Orson Welles ti bá RKO ṣe ni ó gbà á, tí wọ́n fi jáwọ́ ní ọdún 1989, ọdún 4 lẹ́yìn tí Welles ti kú. Àwọn tí ń gbèjà àwọ̀ ní ẹni tí kò bá fẹ́ ẹ lè yí bọ́tìnnì àwọ̀ ẹ̀rọ rẹ̀ wálẹ̀. Àwíjàre tí ó dùn-ún gbọ́ ni, ṣùgbọ́n ẹni tí ó ti mọ bí eré náà ti rí tẹ́lẹ̀ nìkan ni yóò ronú láti yí i. Òfin ìpamọ́ sinimá tí ìjọba Amẹ́ríkà ṣe ní ọdún 1988 fi ọgbọ́n gba àárín. Kò ní kí ẹnikẹ́ni má ṣe kùn. Ohun tí ó béèrè ni pé bí wọ́n bá kun àwọ̀ sí èyíkéyìí nínú àwọn eré tí ìjọba ti yàn, tàbí tí wọ́n bá fi ọ̀bẹ kàn án, kí ẹ̀dà náà sọ bẹ́ẹ̀ lára rẹ̀.

Ọ̀ràn yìí kan adúláwọ̀ ju bí ó ti hàn lọ. Nínú “Fantasia” tí Disney ṣe ní ọdún 1940, ọmọbìnrin adúláwọ̀ kan wà, ààbọ̀ ènìyàn, ààbọ̀ ẹranko, tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti máa nu pátákò ẹsẹ̀ àwọn arẹwà ẹlẹgbẹ́ rẹ̀. Èébú gbáà ni. Ní ọdún 1969, wọ́n gé e kúrò. Nígbà tí wọ́n tún eré náà ṣe ní ọdún 1990, tí kásẹ́ẹ̀tì rẹ̀ sì jáde ní ọdún kejì, ṣe ni wọ́n sún ojú àwòrán mọ́ ẹlòmíràn kí ọmọbìnrin náà lè bọ́ sí ìta. Àwọn ọmọ tí wọ́n wo kásẹ́ẹ̀tì yìí dàgbà, wọ́n sì ń fi ojú ara wọn jẹ́rìí pé eré náà mọ́. Ta ni ọ̀bẹ yìí ṣe lóore? Kì í ṣe ẹni tí wọ́n bú. Ẹni tí ó bú u ni. Ọ̀nà mìíràn wà. Ní oṣù Kẹfà ọdún 2020, HBO Max yọ “Gone with the Wind” ti ọdún 1939 kúrò fún ìgbà díẹ̀, ó sì dá a padà nínú oṣù náà láìgé e, pẹ̀lú àlàyé láti ẹnu Jacqueline Stewart ní ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ẹni tí ó bá gbọ́ àlàyé náà tán lè wo Hattie McDaniel, adúláwọ̀ àkọ́kọ́ tí ó gba ẹ̀bùn Oscar, kí ó sì mọ̀ pé òfin ìyàsọ́tọ̀ kò jẹ́ kí ó bá wọn dé ibi ìfihàn àkọ́kọ́ eré náà ní Atlanta.

Ó ku ọmọ Èkó kan. Orlando Martins, tí wọ́n bí ní ọdún 1899, wà nínú “The Hasty Heart” ti ọdún 1949, èyí tí Vincent Sherman darí fún Warner Bros àti ẹgbẹ́ wọn ní Ìlú Ọba. Ilé ìwòsàn ọmọ ogun ni, ní Burma, níbi tí ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá ti jagun ní tòótọ́. Blossom ni orúkọ tí wọ́n fún Martins, wọn kò sì fún un ní ọ̀rọ̀ sọ. Àwọn tí ó wo eré náà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo a máa sọ̀rọ̀ Ronald Reagan, nítorí ipò tí ó dé lẹ́yìn ọ̀la, tàbí ti Richard Todd tí ó ṣe Lachie, ará Scotland tí ikú ń bọ̀ wá pa tí kò sì mọ̀. Wọn a ní Blossom kàn jókòó síbẹ̀ lásán ni. Àléébù ni pé wọ́n pa á ní ẹnu mọ́, kò sì yẹ kí ẹnikẹ́ni gbèjà rẹ̀. Ṣùgbọ́n kí òǹwòran dá a padà sí ibi tí Lachie ti mọ̀ pé gbogbo wọn ti mọ̀ nípa ikú òun, tí ó bínú, tí ó ń palẹ̀ mọ́, tí Blossom sì na ìlẹ̀kẹ̀ sí i. Lachie kọ̀ ọ́, ó ní àánú ni. Ó wá yé e pé Blossom kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, pé kò sí ọ̀nà tí ó lè gbà mọ̀ pé ẹni tí yóò kú ni òun, àti pé nínú gbogbo yàrá náà, ọkùnrin yìí nìkan ni ó fún òun ní nǹkan láìnídìí mìíràn ju ìfẹ́ lọ. Ibẹ̀ ni eré náà ti yí padà, lọ́wọ́ Martins.