Uná, Iná: Iṣẹ́ Àwọn Tó Ń Wá Ìdílé Ọ̀rọ̀

Ọmọ iléèwé ní Òwu-Ìsin á kọ “iná” sínú ìwé rẹ̀, kò ní rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Ará Èkìtì ń pè é ní “uná”. Ẹni tó bá gba Ẹ̀gbẹ́ kọjá sí Kàbbà àti Lọ́kọ́ja, tó sọdá Odò Ọya dé Ìdàh, yóò gbọ́ “una” lẹ́nu àwọn Ígálà. Ọ̀pọ̀ wa á ní, “Wọ́n mà jọra o,” a ó sì kọjá lọ. Ibẹ̀ gan-an ni iṣẹ́ onímọ̀ èdè ti bẹ̀rẹ̀.

Ìjọra nìkan kò tó ẹ̀rí. Àlùbọ́sà wa jọ “albasa” ti Haúsá, ṣùgbọ́n a yá a ni. Ìyẹn kò sọ wá di ọmọ ìyá. Ìyàtọ̀ tó ń tẹ̀lé òfin ni onímọ̀ ń wá. Ẹ wo “iṣu”: “uchu” ni Ígálà ń pè é. Ẹ wo “ṣe”: “che” ni tiwọn. Ibi tí ṣ wà lẹ́nu wa, ch ló wà lẹ́nu wọn. Bí “iná” àti “iṣu” sì ṣe fi i bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ wa, u ló bẹ̀rẹ̀ méjèèjì lọ́dọ̀ wọn. Irú ẹ̀rí yìí ló fi Gẹ̀ẹ́sì àti Jámánì hàn ní ẹbí: “water” àti “Wasser”, “eat” àti “essen”.

Kí a tó lè rí irú ẹ̀rí bẹ́ẹ̀, ẹnì kan ní láti kọ́kọ́ kó ọ̀rọ̀ jọ. Ní Freetown, Sigismund Koelle, míṣọ́nnárì ọmọ Jámánì, jókòó ti àwọn tí wọ́n gbà sílẹ̀ lóko ẹrú, ó sì kó ọ̀rọ̀ èdè tó lé ní ọgọ́rùn-ún jọ sínú Polyglotta Africana, tó jáde ní 1854. Kò da Yorùbá pọ̀ sójú kan: ó ya Yàgbà, Ìjẹ̀ṣà àti Ìjẹ̀bú sọ́tọ̀. Ní 1978, ní Yunifásítì Ìbàdàn, Fẹ́mi Akínkùgbé fi àwọn ẹ̀ka èdè Yorùbá wé Ìṣẹkírì àti Ígálà, ìró sí ìró. Iṣẹ́ etí ni, iṣẹ́ sùúrù sì ni. Irú iṣẹ́ báyìí ló jẹ́ ká mọ̀ pé u inú “uná” kì í ṣe àṣìpè ará oko. Ogún àtijọ́ ni. Yorùbá inú ìwé ló sọ ọ́ nù, tí kò fi u bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ mọ́.

Ẹ̀yin olùkọ́ àti ọ̀dọ́ Ìsin, tí ẹ bá ń gba ọ̀rọ̀ sílẹ̀ lẹ́nu àwọn àgbà, ẹ kọ ọ́ bí wọ́n ṣe pè é gan-an. Ẹ má bá wọn tún un ṣe. Ìró tí ẹ bá pa rẹ́ ni ẹ̀rí tí ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn kò ní rí lò.